Àyìndé Tí A Kò Tíì Yìn Tó

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ó bọ́ sí ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo orí Òkè Idanre mọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí góńgó rẹ̀ láti Òdòde, tí àwọn àgbẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n ti dé oko kòkó sì ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò yóò jẹ́ kí àwọn rí oògùn fín sára igi, mo rí ohun tí n kò rí rí ní ìlú yìí láti ìgbà tí mo ti dáyé: àwọn àgbà ọkùnrin, tí àdá wọn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, jókòó síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, wọ́n ń wo àwọn obìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tí ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, ni ó ń wọ̀jà pẹ̀lú ikọ̀ England ní ìlú Brisbane, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, nínú ìdíje ife àgbáyé, ní ìpele tí ó jẹ́ pé ẹni tí a bá ṣẹ́gun níbẹ̀ yóò di ẹrù rẹ̀ lọ sílé ni. England ti gba ife Yúróòpù ní ọdún tí ó ṣáájú, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 21 kan sì wà láàárín wọn, Lauren James ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ àyàn. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n na China ní ayò 6 sí 1, òun ni ó gbá 2 wọlé, òun náà ni ó sì gbé 3 mìíràn lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò sí lára James ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, yálà ní Brisbane tàbí ní Òdòde.

Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Randy Waldrum, olùkọ́ ikọ̀ wa nígbà náà, ti fi ọmọbìnrin kan dógò ti James gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti í dógò ti ajigbèsè láyé àtijọ́, tí ológò yóò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, tí kò ní jẹ́ kí ó rọ́nà lọ sódò tàbí sọ́jà títí yóò fi san owó olówó. Halimatu Àyìndé ni orúkọ ológò náà. Bí James bá yà sí ọ̀tún, Àyìndé ti wà níbẹ̀. Bí ó bá padà sẹ́yìn láti wá bọ́ọ̀lù, Àyìndé bá a padà. Bí ó bá dúró pé òun kò lọ síbi kankan mọ́, Àyìndé náà dúró, ó fi apá kan ara kàn án, ó sì ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà wá. Iṣẹ́ tí kò ní ijó nínú ni. N kò rí i kí ó gbá bọ́ọ̀lù kan tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ fò sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìṣẹ́jú kan tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú 87, ara ọmọ England kò gbà á mọ́. Òun àti Michelle Alozie, ọ̀kan nínú àwọn tiwa, jìjọ ṣubú, bí ó sì ti ń dìde, ó gbé ẹsẹ̀ lé Alozie lẹ́yìn níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí. Rẹfirí kọ́kọ́ fi káàdì òféèfèé hàn án. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀ràn náà wò, ó di pupa. Àwọn ènìyàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹsẹ̀ tí ó gbé yẹn, wọ́n sì ti bá ọmọ náà wí tó, n kò sì fẹ́ fi kún un, nítorí ọmọdé ni, ó sì ti tọrọ àforíjì. Èmi ní tèmi, ohun tí mo rí ni pé ìbínú ọjọ́ náà kò dédé wá: ìṣẹ́jú 87 ni ẹnìkan fi sé ọ̀nà mọ́ ọn, inú ènìyàn kò sì lè ṣe kí ó má ru bí a bá dógò tì í tó bẹ́ẹ̀.

A kò borí ṣá. Fún ìṣẹ́jú 120, bọ́ọ̀lù kò wọlé ẹnikẹ́ni, England sì borí wa ní pẹnáritì, 4 sí 2, wọ́n sì lọ títí dé àṣekágbá. Bí a ti ń dìde, tí àwọn kan ń wá àdá wọn, ẹnu gbogbo ènìyàn kún fún Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé wa, wọ́n ń sọ ti bọ́ọ̀lù tí Ashleigh Plumptre tiwa gbá tí ó lọ lu igi òkè, wọ́n sì ń jiyàn lórí àwọn tí pẹnáritì wọn kò wọlé. Mo dúró, mo tẹ́tí. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ Àyìndé. Ohun tí ó mú mi mú kálàmù nìyẹn.

Bí ẹ bá wo orúkọ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀ràn náà ju ọ̀ràn bọ́ọ̀lù lọ. Oríkì àbísọ ni Àyìndé, oríkì ọkùnrin sì ni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó mọ̀ ọ́n pè jù, kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa níhìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí ọmọ Yorùbá kankan: ẹni tí a yìn kí ó tó dé. Àwọn baba wa kò dúró kí ọmọ kọ́kọ́ pa ẹkùn kí wọ́n tó yìn ín. Ní òwúrọ̀ tí a bí i ni wọ́n ti fi ìyìn lé e lórí, kí ó lè mọ̀, nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, pé ìyìn òun ti wà nílé. Ó wá di ọ̀ràn àròjinlẹ̀ fún mi pé ẹni tí ó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ó lọ yan ibi tí ìyìn kì í sábà dé lórí pápá.

Kaduna ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 16, oṣù karùn-ún, ọdún 1995. Kí ó tó dé Brisbane, ó ti bá Nàìjíríà lọ sí ife àgbáyé ní Kánádà ní 2015 àti ní ilẹ̀ Faransé ní 2019, ó sì ti wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife Áfíríkà ní Gánà ní 2018. Nípa oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí ó rìn kì í ṣe kékeré: ó gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà fún Western New York Flash, ó gbá ní Minsk ní ilẹ̀ Belarus, ó sì wá jókòó pẹ́ ní ilẹ̀ Sweden, ní Eskilstuna, lẹ́yìn náà ní Rosengård ti ìlú Malmö, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí òkìkí wọn kàn jù nínú bọ́ọ̀lù obìnrin ní ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn rò ó wò: ọmọ Kaduna, tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tí ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ nínú yìnyín ilẹ̀ Sweden lọ́dọọdún, kí ó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá kí ó sì gbé e fún ẹlòmíràn tí yóò gbá a wọlé, tí a ó sì gbé ẹni náà lé èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é láìráhùn.

Àwọn àlejò tí ń wá gun òkè wa máa ń ka àtẹ̀gùn rẹ̀ bí wọ́n ti ń gòkè, wọn a sì máa fọ́nnu bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ pé àwọn gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600. Wọn a yin òkè, wọn a yin ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923, wọn a ya àwòrán ààfin àtijọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan béèrè pé ta ni ó ru òkúta àti yanrìn tí a fi to àtẹ̀gùn náà dé òkè, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ìbá gòkè láìsí wọn, àfi ọ̀bọ. Ẹni tí ń gbá àárín pápá ni mo rí nínú àwọn wọ̀nyẹn.

Kì í ṣe pé mo ń tàbùkù àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Asisat Oṣóàlà, ọmọ Ìkòròdú, gba oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó ta yọ jù ní Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, Perpetua Nkwocha sì gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá yin wọ́n, ìlara ni ó ń ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọdé tí ń wò wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a ní ojú tí ó lè rí ju ibi tí igi méjì àti àwọ̀n wà lọ.

Ẹni tí ń sé ọ̀nà a sì máa jẹ̀bi nígbà mìíràn, n kò ní fi èyí pamọ́. Ní Rabat, ní ilẹ̀ Mòrókò, ní oṣù keje ọdún 2022, tí a bá àwọn onílé pàdé ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ife Áfíríkà, níwájú èrò tí ó lé ní 45,000, káàdì pupa bá Àyìndé láìpẹ́ lẹ́yìn ìsinmi. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ó fi bá Rasheedat Ajíbádé náà. Àwọn mẹ́sàn-án ni ó kù. Mẹ́sàn-án yìí ni ó di ayò 1 sí 1 mú títí ìṣẹ́jú 120 fi pé, tí a fi di pẹnáritì, tí Mòrókò sì borí ní 5 sí 4. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìṣẹ́gun tí kò wú mi lórí tó ìjákulẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìlú Rabat kan náà ni a tún padà sí, Mòrókò kan náà ni a sì tún bá pàdé, ní àṣekágbá lọ́tẹ̀ yìí, ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2025. Balógun ikọ̀ wa ni Ajíbádé, ọmọ Mushin, tí ó ti Robo Queens ní Èkó bọ́ sí Nọ́wè, tí ó ti Nọ́wè bọ́ sí Atlético Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì, ọmọ tí irun aláwọ̀ búlúù orí rẹ̀ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n láti òkèèrè bí ẹni mọ àṣíá. Kí ìdajì eré tó parí, ayò 2 ti wọlé wa. Esther Okoronkwo fi pẹnáritì dá 1 padà, Fọláṣadé Ìjámilúsì dá èkejì, nígbà tí ó sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Jennifer Echegini, ọmọ àárín pápá, gbá ẹ̀kẹta wọlé. Ife Áfíríkà kẹwàá di tiwa, wọ́n sì fi Ajíbádé ṣe ẹni tí ó ta yọ jù nínú gbogbo ìdíje náà. Nígbà tí wọ́n padà dé Àbújá, Ààrẹ fi oyè OON dá wọn lọ́lá, ó sì kéde ilé oníyàrá mẹ́ta àti owó náírà tí ó tó 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Mo yọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ń tẹ̀ lé ọ̀ràn yìí tipẹ́ kò lè gbàgbé pé ikọ̀ yìí kan náà ni ó gba ife ní 2016 tí wọ́n sì ní láti wọ́ lọ sí iwájú ilé aṣòfin ní Àbújá kí a tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn lórí owó tí a jẹ wọ́n, àwọn náà ni wọ́n sì kọ̀ láti kúrò ní hótẹ́ẹ̀lì ní ilẹ̀ Faransé ní 2019 nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ṣì wà láàárín wa tí wọn yóò sọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Kí wọ́n má rò pé àṣà Yorùbá ni àwọn ń gbèjà. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, èrò tí ó tó 53,000 ni ó kún pápá Goodison Park ní Liverpool láti wo Dick, Kerr Ladies, àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ìlú Preston. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù England fi pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kankan má fi pápá rẹ̀ yá obìnrin mọ́, nítorí eré náà kò yẹ wọ́n, àṣẹ náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 50. Nílẹ̀ Hóláńdì pàápàá, di 1971 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn tó gba obìnrin mọ́ra. Àwọn ará Hóláńdì ti wá kẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà náà: wọ́n jẹ́ kí ọmọdébìnrin máa bá ọmọdékùnrin gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan náà láti kékeré, láti inú irú ètò yìí sì ni irú Sherida Spitse ti jáde, obìnrin àárín pápá tí ó ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ju 200 ìgbà lọ, tí kò sí ọkùnrin Hóláńdì kankan tí ó wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife Yúróòpù nílé ara wọn ní 2017, ó tilẹ̀ gbá ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ náà. Àwa tí a ti lọ sí gbogbo ife àgbáyé obìnrin láti 1991, tí a kò pa ọ̀kan jẹ, kí ni a ń dúró dè?

Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Aládé, ẹni ọdún mẹ́tàlá. Àárín ni ó ń gbá, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ní ọdún tí ó kọjá, olùkọ́ kan ní ilé ìwé tí ó ń lọ sọ fún un pé kí àwọn ọmọbìnrin fi pápá sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin títí ìdíje yóò fi parí. Ìdíje náà parí, ó di oṣù mẹ́ta, a kò sì dá pápá náà padà fún wọn. Bàbá rẹ̀, àbúrò mi, kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun yóò le, ọkọ kò sì ní fẹ́ ẹ. Mo bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, nítorí àbúrò ẹni kì í ṣe ẹni tí a ń pariwo mọ́ níwájú aya rẹ̀. Mo bi í léèrè pé nígbà tí ìyá wa ń ru kòkó láti oko wá sílé ní ìrìn wákàtí méjì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le bí òpó, ṣé bàbá wa kọ̀ ọ́ ni, tàbí ṣé àwa ọmọ mẹ́fà tí ó bí kì í ṣe láti inú rẹ̀? Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n jẹun.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò tó ohun tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ jókòó ìpàdé: kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan láti Òdòde dé Aládé dé Atọ́sìn fún àwọn ọmọbìnrin ní ọjọ́ méjì pérépéré lọ́sẹ̀ tí pápá yóò jẹ́ tiwọn, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ àti ẹnìkan tí yóò máa wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé láti ibí yìí ènìyàn kò lè dé ibì kankan, kí ó rántí pé Olúwatósìn Demehin, tí ó dúró lẹ́yìn fún Nàìjíríà ní Brisbane lọ́jọ́ náà, ti wọ aṣọ Sunshine Queens ní Àkúrẹ́ kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ Faransé àti Tọ́kì. Àkúrẹ́ kò jìnnà sí wa. Ọmọ tí ó bá kúrò ní Òdòde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, yóò débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó ni Sunshine Queens, máa san owó àwọn ọmọ wọ̀nyí lásìkò, kí ó sì máa rán ènìyàn wá wo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní àwọn ìlú abẹ́ òkè bí tiwa, nítorí ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo lọ sí Aládé. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, wọ́n fi bàtà méjì ṣe igi pápá. Ọmọ àbúrò mi wà láàárín wọn, òun nìkan ni obìnrin. Mo rí i bí ó ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin kan tí ó ga jù ú lọ, tí ó gbé ojú sókè, tí ó sì tì í lọ fún ọmọ kan tí ó wà níwájú. Ọmọ náà gbá a wọlé, gbogbo wọn sì sáré lọ dì mọ́ ọn. Òun ti yíjú padà, ó ń rìn lọ sí ibi tí ó ń dúró sí. Nígbà náà ni mo rí bàbá rẹ̀, ó dúró ti ògiri, ó ń wò. Èmi kò sọ̀rọ̀. Òun ni ó ké sí i, kì í ṣe orúkọ ilé ìwé rẹ̀ ni ó pè, orúkọ tí ìyá wa fi ń kì í láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́ ni, ọmọ náà sì dúró, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí kò dá a lójú pé òun ni wọ́n ń pè.